Gbígbàdúrà nígbà tí nǹkan bá le: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Sáàmù ẹkún, ààwẹ̀, oògùn àti ìrànlọ́wọ́ ìjọ

Onígbàgbọ́ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí àìsàn dè mọ́lẹ̀ tàbí tí gbèsè ká mọ́ la kọ èyí fún. Bíbélì kò ní kí ẹnikẹ́ni díbọ́n níwájú Ọlọ́run. Ó fi ọ̀rọ̀ ẹkún sí wa lẹ́nu. Ó sì fi hàn pé oúnjẹ, oorun, oníṣègùn àti ará ìjọ wà lára ọ̀nà tí ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run ń gbà dé.

Ṣé kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni kéèyàn máa ráhùn sí Ọlọ́run?

Rárá o. Sáàmù 150 ló wà nínú Bíbélì, bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló sì jẹ́ ẹkún àti ìráhùn. Àwọn tó kó ìwé náà jọ kò yọ wọ́n kúrò. Wọ́n fi wọ́n sáàárín orin ìyìn kí ìjọ lè máa fi gbàdúrà. Hánà sọkún kíkorò nínú tẹ́ńpìlì débi tí Élì fi rò pé ó ti mutí yó (1 Sámúẹ́lì 1). Jésù fúnra rẹ̀, lórí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú Sáàmù 22 ló fi ké: Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èé ṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?

Ohun tí Bíbélì bá wí ni irú ìkùnsínú tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe nínú aginjù. Inú àgọ́ wọn ni wọ́n ti ń kùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́yìn (Diutarónómì 1:27). Onísáàmù kọjú sí Olúwa, ó sì sọ tirẹ̀ fún un. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá dárúkọ ìṣòro, àwọn ti “jẹ́wọ́ òdì” nìyẹn, ìṣòro náà á sì fìdí múlẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa dá nìkan jìyà nínú ìjọ tó kún fọ́fọ́. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, Dáfídì ló jẹ́wọ́ òdì jù nínú Bíbélì, bẹ́ẹ̀ òun ni Ọlọ́run pè ní ẹni bí ọkàn òun.

Báwo ni mo ṣe máa fi Sáàmù ẹkún gbàdúrà gan-an?

Ẹ fi Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Ẹsẹ 1 àti 2 jẹ́ ìráhùn, ìbéèrè “yóò ti pẹ́ tó?” sì jáde níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹsẹ 3 àti 4 jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹsẹ 5 àti 6 jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé àti ìlérí ìyìn. Bí ọ̀pọ̀ jù lọ Sáàmù ẹkún ṣe rí nìyẹn: pípe Ọlọ́run, sísọ ohun tó ń dunni, bíbéèrè ohun kan pàtó, lẹ́yìn náà fífara ti Ọlọ́run.

Ẹ wá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sàn kó jẹ́ ìdájí kí ilé tó dìde. Ẹ gbé fóònù sí yàrá míì. Ẹ ka Sáàmù náà sókè lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gún yín lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sọ tiyín ní èdè tí ẹ fi ń bá ará ilé sọ̀rọ̀: “Olúwa, oṣù mẹ́ta rèé tí wọn ò sanwó fún wa níbi iṣẹ́. Wọ́n ti lé ọmọ wálé nítorí owó ilé-ìwé. Onílé ti wá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, mo sá sí yàrá. Ojú ń tì mí. Ṣé o rí mi ṣá?” Ẹ béèrè ohun kan tí ẹ máa dá mọ̀ bó bá dé: “Jẹ́ kí n rí owó ilé-ìwé san kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.” Kí ẹ wá rántí oore kan tí Ọlọ́run ti ṣe rí, kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ fi Àdúrà Olúwa parí rẹ̀, kí ẹ dìde, kí ẹ bọ́jú, kí ẹ ṣe ohun kan tó wà níwájú yín.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣì í ni pé kí a fò dé ẹsẹ 5 láìtíì sọ ohun tó ń dùn wá. Ìyìn tó bá jáde nírú ipò bẹ́ẹ̀ kì í wọ ọkàn, ó sì máa ń rẹ èèyàn. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé “gbogbo ìṣòro mi” ni wọ́n máa ń kó pọ̀, tí wọn ò dárúkọ kankan; bí ìrànlọ́wọ́ bá dé, wọn kì í dá a mọ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó ń fi wákàtí mẹ́ta yí inú ìráhùn kan náà ká. Ìdí tí a fi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ìyókù á di ọ̀la.

Sáàmù wo ló bá ipò wo mu?

Bí oorun kò bá wá, ẹ ka 4 tàbí 77; nínú 77:4, onísáàmù sọ fún Ọlọ́run pé òun ló di ìpéǹpéjú òun mú tí òun kò fi rí oorun sùn. Bí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ bá dalẹ̀ yín, 55 ni, pàápàá ẹsẹ 12 sí 14. Fún àìsàn, ẹ ka 6, 38 tàbí 41. Fún ẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀, 51 àti 130. Fún arúgbó tó ń rò pé wọ́n ti pa òun tì, 71. Bí inú bá ń bí yín pé àwọn olè ń là, tí olóòótọ́ kò rí jẹ, ẹ ka 73, kí ẹ ṣọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹ 17. Fún ìdààmú tó bá gbogbo ìlú, 44, 46 àti 80. Fún ìrìn àjò, 121.

Bí ẹ kò bá rí ìrètí kankan rárá, ẹ ka 88. Inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí “ṣùgbọ́n èmi yóò yìn ọ́” níbẹ̀. Inú wa dùn pé ó wà nínú Bíbélì, nítorí àwọn ọjọ́ kan wà tí Sáàmù 23 máa ń dà bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́nu ẹni.

Ṣé kí n fi Sáàmù 109 gbàdúrà lórí ẹni tó ń yọ mí lẹ́nu?

Ẹ lè kà á. Ẹni tí wọ́n fi èké bà jẹ́, tí wọn ò gbọ́ tẹnu rẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n fi ibi san ire fún òun (ẹsẹ 5). Èpè wà ní ẹsẹ 6 sí 19, ó sì le. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe pẹ̀lú ìbínú rẹ̀: kò lọ dáná sun ilé ẹni, kò gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo, ó gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Láti ẹsẹ 21 ó padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní òtòṣì ni òun, ọkàn òun sì ti gbọgbẹ́.

Ohun mẹ́ta la rọ̀ yín sí. Ẹ má ki orúkọ ẹnikẹ́ni bọ inú èpè náà, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà lẹni tí a fura sí kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Ẹ kà á dé ẹsẹ 31, ẹ má dúró sí 19. Kí ẹ sì ka Róòmù 12:19 tẹ̀ lé e, níbi tí Olúwa ti ní tòun ni ẹ̀san. Bí ẹ bá rí i pé ìbínú yín ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi 109 sílẹ̀, kí ẹ bọ́ sí 55.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n ka Sáàmù kan?

Kíka Sáàmù kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀méje máa ń jẹ́ kó rì sínú ọkàn, a ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ìgbà kò ní agbára tirẹ̀. Mátíù 6:7 sọ ọ́ kedere. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan nínú méje kò ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Ààwẹ̀ mélòó ni kí n gbà?

Kí ẹ tó ka ọjọ́, ẹ wo Èlíjà ní 1 Àwọn Ọba 19. Ó sá kúrò lọ́dọ̀ Jésébẹ́lì, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò ní kó gbààwẹ̀. Àkàrà tó yan lórí ẹyín iná àti ìkòkò omi ló gbé wá. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn; áńgẹ́lì padà wá, ó ní kó jẹun sí i nítorí ọ̀nà jìn. Ẹni tí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kó jẹun láti ọjọ́ mélòó kan, oúnjẹ ló nílò. Ẹni tí kò sì sùn lóru mẹ́ta, kó wá oorun kó tó wá ìṣọ́ òru.

Bí ara yín bá gbà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kan, títí di aago 12 ọ̀sán, kí ẹ máa mu omi. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹ lè sún un dé aago 3. Ẹ fi ohun tó rọ̀ ṣínu: ẹ̀kọ gbígbóná, èso, ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ kò pọ̀.

Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fún àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní SS, ààwẹ̀ tí kò sí omi léwu gidi, torí pé bí omi ara bá gbẹ, ó lè fa ìrora tó máa gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú, ṣúgà ara rẹ̀ ti lè lọ sílẹ̀ jù: ẹ fún un ní ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi lójú ẹsẹ̀, ààwẹ̀ ti parí nìyẹn. Bí kò bá mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dáníẹ́lì fi ẹran àti wáìnì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta (Dáníẹ́lì 10:3). Ààwẹ̀ nìyẹn náà.

Bí mo bá ń lo oògùn, ṣé ìgbàgbọ́ mi kò tíì tó?

Hesekáyà ṣàìsàn dójú ikú, ó sunkún, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Wòlíì Àìsáyà tó mú iṣẹ́ náà wá ló tún ní kí wọ́n mú ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́, kí wọ́n fi lé ojú oówo rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 20:1-7). Àdúrà àti oògùn jọ wà nínú yàrá kan náà. Oníṣègùn ni Lúùkù (Kólósè 4:14).

Ìbéèrè yìí ní ìtàn láàárín wa. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà jà káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kan kóra jọ sínú àdúrà. Ẹgbẹ́ tó jáde níbẹ̀, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, wà lára gbòǹgbò àwọn ìjọ Aládùúrà. Nígbà yẹn kò sí oògùn kankan lágbàáyé tó lè pa kòkòrò àrùn náà, àdúrà sì gbé àwọn èèyàn ró nígbà tí ìrànlọ́wọ́ mìíràn kò sí. A ń dúpẹ́ fún ogún yẹn. Ṣùgbọ́n a kò lè fi 1918 ṣe ìdí tí èèyàn yóò fi pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì lónìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni; ẹni tó dá oògùn rẹ̀ dúró lẹ́yìn ìsọjí lè rò pé òun ti gbádùn títí rọpárọsẹ̀ á fi dé. Bí ẹ bá gbà pé Ọlọ́run ti wò yín sàn, ẹ máa lo oògùn náà lọ, kí ẹ padà sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, kí dókítà fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí ẹ dá a dúró.

Mo ti gbàdúrà títí, kò sí ìyípadà. Kí ló kù?

Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kó yọ ẹ̀gún kan kúrò lára òun. Ìdáhùn tó rí gbà ni pé “Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ” (2 Kọ́ríńtì 12:9). Ẹ̀gún náà dúró. Ní Gẹtisémánè, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Jésù gbàdúrà kan náà, àgbélébùú kò sì yẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé àdúrà tí kò gbà jẹ́ ẹ̀rí pé ìgbàgbọ́ yín kéré ti sọ̀rọ̀ kọjá Bíbélì.

Ẹ kíyè sí àwọn ẹsẹ tí a máa ń já bọ́ kúrò níbi tí wọ́n wà. Jeremáyà 29:11, nípa èrò àlàáfíà, wà fún àwọn tó wà nígbèkùn, ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ sì ti sọ fún wọn pé 70 ọdún ni. Fílípì 4:13, “Èmi lè ṣe ohun gbogbo,” ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni. Ohun tó ń sọ ní ẹsẹ 12 ni pé òun ti kọ́ bí a ti ń wà ní yíyó àti ní ebi. Bí a bá kà wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n lágbára ju bí a ṣe ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ara mọ́tò lọ.

Àpẹẹrẹ tiwa náà wà. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, tí wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, lòun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kanra. Ọdún 25 nìyẹn. Láàárín rẹ̀ ló kàwé, ó ṣèrìbọmi, ó gba orúkọ Samuel Crowther, ó di àlùfáà. Kò dúró kí ìdáhùn dé kó tó máa gbé ayé.

Wòlíì ní ìyá mi (tàbí ẹ̀gbọ́n mi) ló wà nídìí ìṣòro mi.

Ẹ má gbé ìgbésẹ̀ kankan lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ má lé ìyá jáde, ẹ má dá owó oúnjẹ rẹ̀ dúró, ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ. A ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tú ọ̀pọ̀ ilé ká, ìṣòro tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é kò sì lọ. Nígbà tí wọ́n bi Jésù pé ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, ó ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀ (Jòhánù 9:3). Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn 18, ó ní wọn kò burú ju àwọn yòókù lọ (Lúùkù 13:4). Bí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ẹ mọ̀ bá wà, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ má wá a kiri.

Wọ́n ní kí n gbin irúgbìn owó kí ọ̀nà lè là. Gbèsè sì wà lọ́rùn mi.

Opó kan tí olówó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì ṣẹrú tọ Èlíṣà lọ (2 Àwọn Ọba 4:1-7). Wòlíì kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ní nílé. Ìgò òróró kan ni. Ó ní kó yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ aládùúgbò, kó má yá díẹ̀. Òróró kún gbogbo rẹ̀. Ó ní kó tà á, kó san gbèsè, kó máa fi èyí tó kù gbọ́ bùkátà. Ọ̀nà yìí náà ni kí ẹ tọ̀. Ẹ kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀, orúkọ olówó, iye, ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san án. Ẹ kọ ohun tó wà nílé àti iṣẹ́ tí ọwọ́ yín mọ̀. Ẹ lọ bá olówó kó tó wá bá yín, kí ẹ sọ iye tí ẹ lè máa san lóṣù. Ẹ má fi gbèsè san gbèsè lórí àwọn áàpù ayánilówó inú fóònù.

Ẹni tó bá dá iye kan lé àdúrà, ẹ sá fún un. Pétérù kò gbowó lọ́wọ́ Símónì (Ìṣe 8:20). Ẹ̀jẹ́ tí ẹ bá sì ti jẹ́ nínú ìpayà, ẹ mú un lọ bá àlùfáà tó ní àánú. Oníwàásù 5 ní ó sàn kéèyàn má jẹ́ ẹ̀jẹ́ ju kó jẹ́ ẹ kó má san án, torí náà ẹ má fi òmíràn kún un.

Mi ò lè gbàdúrà mọ́. Nígbà míì ó ń ṣe mí bíi kí n kú.

Mósè sọ bẹ́ẹ̀, Èlíjà sọ bẹ́ẹ̀, Jónà sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run kò lé ọ̀kankan nínú wọn dànù. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ má dá sùn lálẹ́ yìí. Àdúrà ọ̀rọ̀ méjì tó: “Olúwa, ṣàánú.” Èyí tí ẹ kò lè gbà, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn gbà á fún yín, bí àwọn mẹ́rin ṣe gbé arọ dé ọ̀dọ̀ Jésù (Máàkù 2).

Bí ìbànújẹ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò sí oorun tàbí oúnjẹ, tí nǹkan tí ẹ fẹ́ràn kò dùn mọ́ yín mọ́, ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Yábàá l'Ékòó àti ní Àró l'Abẹ́òkúta, níbi tí Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn láàárín àwọn ará abúlé ní 1954. UCH Ìbàdàn náà ń tọ́jú rẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Àwọn tó wà ní Brítéènì lè pe 116 123, àwọn ti Amẹ́ríkà 988, ọ̀sán àti òru. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kó májèlé eku, oògùn kòkòrò àti oògùn tó pọ̀ kúrò níbi tọ́wọ́ ẹni náà lè tó, kí ẹ má sì bá a jiyàn ẹ̀kọ́ ìsìn.

Kí ni ìjọ lè ṣe fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀?

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje, wọn kò sọ̀rọ̀ (Jóòbù 2:13). Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe dáadáa jù. “Ẹ kú ará fẹ́ra kù” tó. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn olóògbé ju àwọn lọ, ẹ má sì ní kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́. Jésù sunkún nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun fẹ́ jí i.

Ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, oúnjẹ àti èèyàn máa ń pọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni ilé á dákẹ́. Ẹ pín ọjọ́: ẹnì kan ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan ní Ọjọ́ Ẹtì, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ gbé oúnjẹ tí wọ́n ti sè wá, ẹ kún gáàsì, ẹ bá wọn mú ọmọ wálé láti ilé-ìwé. Ẹ bá opó lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú ní ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn, NPC, ẹ sì tẹ̀ lé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga fún ìwé àṣẹ tí báǹkì máa béèrè kí wọ́n tó fi owó olóògbé sílẹ̀. Ẹ dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹbí tó bá ń fẹ́ kó yáwó ra aṣọ ẹbí.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ?

Ẹ sọ òótọ́ ní ọ̀rọ̀ kékeré. “Bàbá ti kú” dára ju “Bàbá lọ sùn” lọ, nítorí ọmọ ọdún márùn-ún lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín nígbà tí ẹ bá ń sunkún. Bí ọmọ bá béèrè ìdí tí Ọlọ́run fi gbà á láyè, ẹ lè fèsì pé, “Mi ò mọ̀. Èmi náà ń bi í léèrè.” Kí ẹ wá pè é kó wá jókòó tì yín, kí ẹ jọ ka Sáàmù 13.